Ẹ Má Tíì Ra Ọ̀dà: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Táǹkì Omi Àtijọ́ ti Ojú Irin

Àwọn ọmọ ìlú máa ń wálé lọ́dún Kérésì pẹ̀lú owó ìdáwó lọ́wọ́ àti ọ̀rọ̀ ọ̀dà lẹ́nu. "Màámi, a fẹ́ kun táǹkì àtijọ́ yẹn, kó lè dùn-ún wò." Èmi a bi wọ́n pé, níbo ni omi ń dúró sí lára rẹ̀? Wọn ò mọ̀. Wọ́n ti mọ àwọ̀ tí wọ́n fẹ́, wọ́n ti mọ orúkọ ẹni tí wọ́n máa kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí omi ń dúró sí, kò sẹ́ni tó wò ó. Ọ̀dà ló ń gbẹ̀yìn nínú iṣẹ́ yìí. Ọjọ́ orí kọ́ ló ń pa táǹkì onírin, omi tó rí ibi jókòó sí ni. Ẹni tó bá ti lànà fún omi láti máa ṣàn kúrò ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, kódà bí kò bá rówó ọ̀dà.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní yíya àwòrán iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Adó-Èkìtì kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀fà ni wọ́n bí mi sí, torí pé bàbá mi, ọmọ Mọ̀bà ní Èkìtì, ló ń bójú tó pọ́ǹpù omi fún Rélùwéè níbẹ̀. Ẹ ó ní kí ló kan Èkìtì nínú ọ̀rọ̀ ojú irin. Òótọ́ ni pé kò gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Èkó ló ti gbéra, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó wá gba Ọ̀fà kọjá sí Ìlọrin. Àwa la rìn lọ bá a. Irè oko wa ń bọ́ sí Òṣogbo àti Ọ̀fà, àwọn ọmọ wa sì ń wá iṣẹ́ fítà, iṣẹ́ kíláàkì àti iṣẹ́ pọ́ǹpù lọ sí ibẹ̀. Nǹkan mìíràn tún wà. Irú táǹkì tí Rélùwéè ń lò, èyí tí wọ́n fi páànù irin onígun mẹ́rin tò pọ̀ lórí ẹsẹ̀ gíga, irú rẹ̀ kan náà ni ìjọba gbé sórí àwọn òkè wa láti pín omi fún ìlú. Nítorí náà, bóyá ti ojú irin lẹ fẹ́ gbà là tàbí ti wọ́tà bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn ilé ìyá àgbà yín, iṣẹ́ kan náà ni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe

Ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú irin ayé ọjọ́sí, iná èédú ló fi ń se omi. Ooru omi yẹn ló ń ti irin tó ń yí àgbá ọkọ̀, tó bá sì ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán, ó di kó bá ojú símíńnì jáde pẹ̀lú èéfín. Fàkà-fìkì tí à ń gbọ́ yẹn, ohùn ooru tó ń jáde ni. Omi tó bá ti bá a lọ, ó lọ nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá jó èédú tọ́ọ̀nù kan, ó ti mu omi tó tó tọ́ọ̀nù mẹ́fà sí mẹ́jọ. A lè di èédú tó máa gbé ọkọ̀ dé ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n omi ò ṣe é dì bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbin táǹkì káàkiri ẹ̀bá ọ̀nà irin.

Pọ́ǹpù ń fa omi díẹ̀díẹ̀ láti odò, ó lè fi gbogbo òru kún táǹkì. Ọkọ̀ ò ní gbogbo òru. Ó ní láti mu ẹgbẹẹgbẹ̀rún gálọ́ọ̀nù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ kó sì máa lọ, torí pé ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tó jẹ́ kí táǹkì ga nìyẹn: gbogbo mítà mẹ́wàá tí omi bá fi ga ju ẹnu páìpù lọ, ó ń fi báà kan, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka agbára tí omi fi ń ti nǹkan, kún un. Ohun tó sì jẹ́ kí páìpù ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ nípọn bí itan àgbàlagbà nìyẹn. Ẹni tó bá ń wo táǹkì láìwo páìpù ò tíì rí nǹkan kan.

Nítorí èyí, nígbà tí ẹ bá ń ka ohun tí ẹ fẹ́ tọ́jú, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti odò. Ilé pọ́ǹpù wà nínú rẹ̀, páìpù tó gbé omi gòkè, táǹkì fúnra rẹ̀, páìpù tó sọ̀ kalẹ̀, fáàfù, àti òpó onípáìpù tó ń yí ọwọ́ sórí ọkọ̀, tí wọ́n bá ṣì bá a níbẹ̀. Ní 2003, ẹgbẹ́ TICCIH, ìyẹn àwọn tó ń rí sí ogún ilé-iṣẹ́ káàkiri àgbáyé, ṣe àdéhùn kan ní ìlú Nizhny Tagil ní Rọ́ṣíà. Àdéhùn yẹn ka ẹ̀rọ, ilé, ibi iṣẹ́ àti ìgbé ayé àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́ ara wọn. Ohun tí ojú mi rí lọ́dọ̀ wa ni pé fáàfù ló máa ń kọ́kọ́ lọ, nítorí idẹ inú rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ pamọ́ sí ààfin tàbí ilé-ẹ̀kọ́ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti yọ ọ́ sára rẹ̀.

Ìwé kí ó tó di àkàbà

Táǹkì tó wà nínú ọgbà ojú irin, àjọ Rélùwéè ti ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Ti ìlú, ó lè jẹ́ ti àjọ omi ìpínlẹ̀, ó lè jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, ilẹ̀ tó dúró lé sì lè jẹ́ ti ẹbí kan tí wọn ò san kọ́bọ̀ fún rí. Ẹ lọ bi wọ́n léèrè, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Mo mọ ìlú kan tí àwọn ọ̀dọ́ ti ro igbó ìdí táǹkì mọ́ tónítóní, tí ẹnìkan sì wá láti ọ́fíìsì kan pẹ̀lú ìwé pé wọ́n ti kọ́ńdẹ́ẹ̀mù rẹ̀, pé wọ́n ti tà á. Àwọn oníirin gé e láàárín ọjọ́ díẹ̀. Igbó tí wọ́n rò ló jẹ́ kí lọ́rì lè wọlé.

Àjọ tó ń rí sí ilé àkójọ ohun àtijọ́ àti àwọn ohun ìrántí lórílẹ̀-èdè yìí, NCMM, òfin 1979 ló dá a sílẹ̀ bó ṣe wà lónìí, ó sì lágbára láti kéde nǹkan bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ẹ kọ̀wé sí wọn, ṣùgbọ́n ẹ má káwọ́ gbera máa retí ìkéde. Lẹ́tà kúkúrú láti ọwọ́ ẹni tó ni táǹkì pé "a ò tà á" ló ń lé oníirin lọ. Tí ẹ bá sì fẹ́ fi nǹkan han àwọn tó ń ṣiyèméjì, ẹ mú wọn lọ sí ọgbà Rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta ní Èkó, kí wọ́n wo Jaekel House, ilé 1898 tí Legacy, ẹgbẹ́ àwọn tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, tún ṣe, tí wọ́n sọ di ilé àkójọ ohun àtijọ́ Rélùwéè.

Yíya àwòrán rẹ̀ sílẹ̀

Iṣẹ́ tèmi rèé, nítorí náà ẹ fara dà á tí mo bá pẹ́ níbí.

Ẹ wo ibi tí oòrùn ti ń yọ, kí ẹ sì sọ àwọn ẹsẹ̀ táǹkì ní orúkọ. Èyí tó wà láàárín àríwá àti ìlà-oòrùn ni A, ẹ wá máa yí lọ bí ọwọ́ aago. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ "ẹsẹ̀ tó wà lápá ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì" sínú ìwé mọ́, torí pé wọ́n lè kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn sí òdìkejì kí ọdún tó yí po. Ẹ fún páànù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà láti òkè wá sísàlẹ̀, láti òsì sí ọ̀tún. Ẹ ya fọ́tò igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ọ̀nà jíjìn kan náà. Ẹ ya ojú tó kọ sí ìlà-oòrùn láàárọ̀, kí ẹ ya èyí tó kọ sí ìwọ̀-oòrùn ní ìrọ̀lẹ́, kí òjìji má bo nǹkan kan. Tí ẹ bá ń ya ibi tó bàjẹ́, ẹ gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ ò nílò àkàbà láti mọ bí ó ṣe ga. Ẹ na ọ̀pá mítà méjì dúró ṣánṣán sórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ wọn òjìji rẹ̀, ẹ sì wọn òjìji táǹkì lójú ẹsẹ̀, láti ilẹ̀ tó wà lábẹ́ etí rẹ̀ tó ga jù gan-an. Bí òjìji ọ̀pá bá jẹ́ mítà kan àtààbọ̀, tí ti táǹkì jẹ́ mítà mẹ́sàn-án, gíga táǹkì jẹ́ mítà méjìlá. Àwọn ọmọ kíláàsì JS 2 lè ṣe é, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n ṣe é ni, torí pé ọmọ tó bá ti wọn nǹkan kì í fẹ́ kí wọ́n wó o.

Bí ó ṣe ń gba omi tó náà ṣe é kà láti ilẹ̀. Páànù àwọn táǹkì yìí sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin níbùú àti lóòró. Ẹ kà á: mẹ́rin ní gígùn, mẹ́rin ní fífẹ̀, méjì ní gíga, àpótí méjìlélọ́gbọ̀n nìyẹn. Àpótí kọ̀ọ̀kan ń gba bíi 400 gálọ́ọ̀nù. Táǹkì náà ń gba nǹkan bíi 12,750 gálọ́ọ̀nù, ìyẹn lítà 58,000. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Omi tó kún inú rẹ̀ nìkan tó tọ́ọ̀nù 58. Ẹ rántí iye yìí nígbà tí ẹnìkan bá ní kí ẹ kàn bu omi sí i láti dán an wò. Ẹ má dán nǹkan kan wò. Táǹkì tó ti ṣófo láti ọjọ́ pípẹ́, kí ó wà ní òfìfo títí ẹnjiníà tó ní ìwé COREN, àjọ tó ń fún àwọn ẹnjiníà níwèé àṣẹ, á fi sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá orúkọ. Irin ńláńlá tó ti Gẹ̀ẹ́sì wá sábà máa ń ní orúkọ ilé-iṣẹ́ tó rọ ọ́ lára, lẹ́tà tó yọ sókè. Ẹ lè rí DORMAN LONG, àwọn ará Middlesbrough tó kọ́ afárá ńlá Sydney ní Ọsirélíà. Kò ní hàn sójú lásán. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku kúrò, ẹ gbé bébà lé e, kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù pa á lórí. Orúkọ á jáde fúnra rẹ̀. Ẹ má fi gíráíńdà kàn án. Ẹ wo àárín irin tó dúró gbọọrọ, kì í ṣe ẹnu rẹ̀ tí wọ́n ti gé. Tí ẹ bá rí orúkọ àti ọdún, ẹ gbé e lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Fáìlì àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ayé òyìnbó wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì dára ju ìtàn ẹnu lọ fún ọjọ́ àti iye owó. Fún bí wọ́n ṣe gbé irin gun òkè, ta ló ṣe lébìrà, ta ló já bọ́, àwọn àgbà ìlú ni kí ẹ bi.

Wíwá ibi tí omi ń sá pamọ́ sí

Ẹ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì òjò ńlá, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ ti gbẹ. Ibikíbi tó bá ṣì tutù lára irin, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Oògùn tó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyẹn, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ìdí ẹsẹ̀ ló máa ń burú jù. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé táǹkì dúró, irin pẹlẹbẹ ìdí ẹsẹ̀ wà lórí kọnkéré, ó hàn sójú, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i. Láti ìgbà yẹn, erùpẹ̀ ti ń wọ́ wá láti orí òkè, ewé ti ń jẹrà, àwọn èèyàn ti da ilẹ̀ síbẹ̀. Nísinsìnyí, ó dà bíi pé ẹsẹ̀ náà wọlẹ̀ lọ. Ẹ fi ọkọ́ kékeré àti ọwọ́ wa á, títí ẹ ó fi rí nọ́ọ̀tì àti bóòtù ìdákọ̀ró rẹ̀. Ibi tí irin ti wọ inú erùpẹ̀, ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sókè àti ìka mẹ́ta sísàlẹ̀, ni ìpẹtà ti ń jẹun jù. Ẹ fi òòlù kékeré kàn án pẹ̀lẹ́. Irin tó lera á dáhùn, á dún gooro. Èyí tó ti kú á dún pọ̀, ìpẹtà á sì máa jábọ́ ní ìpele ìpele bí ẹ ṣe ń kàn án. Ẹ kọ ọ́: ẹsẹ̀ C, ojú àríwá, dún pọ̀, ìka mẹ́rin. Bí ẹ bá rí ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń wọn bí irin ṣe nípọn, ẹ jẹ́ kó wọn ibẹ̀ àti ibi tó lera, kí ẹnjiníà lè fi wé ara wọn.

Mo ti rí ìlú tó da kọnkéré bo ẹsẹ̀ irin dé orúnkún, kí ó lè lágbára. Kò sí ohun tó ń yára pa á bẹ́ẹ̀. Kọnkéré á sún kúrò lára irin díẹ̀, omi á bá àlàfo náà wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde, ìpẹtà á wá máa ṣiṣẹ́ níbi tí ojú ò tó. Tí ẹ bá bá irú rẹ̀, ẹ sọ fún ẹnjiníà kí ẹ tó fọ́ ọ, torí pé kọnkéré yẹn lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó kù tó gbé ẹsẹ̀ náà dúró. Tí ẹ bá fẹ́ da kọnkéré tuntun, ìsàlẹ̀ irin ni kó mọ, kí ojú rẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́ síta, kí ẹ wa gọ́tà kékeré yí i ká.

Ibi kejì ni ìsopọ̀. Níbi tí irin méjì ti lẹ̀ mọ́ra, omi máa ń fà wọ àárín wọn. Ìpẹtà gba àyè ju irin tó bí i lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, nítorí náà ó máa ń ti irin méjèèjì síta títí rífẹ́ẹ̀tì, ìṣó irin olórí méjì tó dè wọ́n pọ̀, á fi já. Ẹ gbé ojú yín sún mọ́ ìlà rífẹ́ẹ̀tì, ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Tí ìlà náà bá ń ṣe ìgbì láàárín rífẹ́ẹ̀tì kan sí èkejì, ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn irin àgbélébùú tó so ẹsẹ̀ mọ́ra náà, ẹ wò wọ́n dáadáa, pàápàá àwọn áńgù, irin tó tẹ̀ bíi lẹ́tà L, tí inú wọn kọjú sókè tó ń gba ewé bí àwo. Ìlú kan fa ewé àti ìtẹ́ ẹyẹ jáde nínú wọn, wọ́n sì rò pé àwọn ti parí. Wọn ò mọ̀ pé ihò tí omi máa bá jáde ti dí.

Isàlẹ̀ táǹkì ni ibi kẹta. Òjò ń wọ inú rẹ̀ láti òrùlé tó ti jẹ, ó ń dúró lórí pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀. Ẹ má lu ihò tuntun. Táǹkì ní ẹnu ìfọ̀ tirẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, ní ibi tó rẹlẹ̀ jù. Ẹ tú bóòtù rẹ̀, ẹ ṣí i sílẹ̀ títí láé, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin bò ó kí ẹyẹ má wọlé. Ìbí ẹ̀fọn á dín kù ládùúgbò náà, ìyẹn sì ni ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ tí mo bá fẹ́ kí àwọn ìyá gbè mí lẹ́yìn nípàdé.

Ta ló ń gun òkè? Ẹni tó ní bẹ́líìtì ìdáàbòbò, tó ti fi okùn so ara rẹ̀ mọ́ ohun mìíràn yàtọ̀ sí àkàbà àtijọ́ náà. Kì í ṣe ọmọ tó yára jù lọ nínú ẹgbẹ́. Ẹni tó bá wọ inú táǹkì, kí ẹnìkejì dúró lẹ́nu rẹ̀, kí wọ́n ti ṣí gbogbo ìdérí tipẹ́ kí ó tó wọlé, nítorí ìpẹtà lè jẹ afẹ́fẹ́ tó dára tán nínú ibi tó bá dé.

Tí oyin bá wà níbẹ̀, ẹ wá ẹni tó ń sin oyin kó wá kó wọn lálẹ́. Mo mọ̀ pé kẹrosíìnì yá jù. Ẹ má ṣe é. Igi ọ̀dán tó hù nínú ìsopọ̀, ẹ gé e ní ìdí, ẹ fi oògùn pa kùkùté rẹ̀, kí ẹ dúró kó gbẹ kí ẹ tó yọ gbòǹgbò. Ẹni tó bá fà á tu á fa irin tẹ̀lé e.

Ọ̀dà pupa ìsàlẹ̀

Ẹ fi ọ̀bẹ kékeré họ ibì kan tí ìka kan á bò. Tí ẹ bá rí ọ̀dà tó pupa bí osùn lábẹ́ gbogbo àwọ̀, ẹ gbà pé òjé ló wà nínú rẹ̀. Òjé pupa ni wọ́n fi ń tẹ́ irin nígbà náà, ó sì ṣiṣẹ́ gan-an, nítorí rẹ̀ ni irin yẹn fi wà títí dòní. Àmọ́ eruku rẹ̀ jẹ́ májèlé, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ní Zamfara ní 2010, eruku òjé láti inú iṣẹ́ ìwa wúrà pa àwọn ọmọdé tó lé ní irínwó. Kò sí ẹni tó máa fi táǹkì ìlú pa ọmọ ìlú.

Nítorí náà: kò sí gíráíńdà, kò sí yanrìn tí wọ́n ń fẹ́ lu irin, kò sí iná gáàsì lára ọ̀dà yìí. Ẹ tẹ́ tapólì sílẹ̀ yíká, ẹ fi ohun ìfúnmi tí wọ́n fi ń fún oògùn oko fún omi sí i, èyí tí ẹ kò ní fi fún oògùn mọ́, kí ẹ máa họ ọ́ ní tútù. Ìbomú onífílítà P100 ni kí ẹ lò, aṣọ tí a so mọ́ imú ò wúlò. Kí ẹ má jẹun níbẹ̀, kí ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ gbé ọmọ, kí ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Ewúrẹ́ àti ọmọdé ò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Ẹ̀hó ọ̀dà tí ẹ họ, inú dùrọ́ọ̀mù onídèérí ni kó lọ, kí ẹ fi tó àwọn tó ń rí sí àyíká ní ìjọba létí. Ẹ má sun ún.

Ọ̀dà àtijọ́ tó ṣì di irin mú gírígírí, ẹ fi í sílẹ̀. Ìdajì iṣẹ́ híhọ ọ̀dà tí mo ti rí ni kò pọn dandan.

Àtúnṣe

Àwọn wẹ́dà wa mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n mọ̀ jù ni irin tuntun. Tí ẹ bá sọ pé nǹkan bàjẹ́, wọn á fẹ́ fi iná gé e, kí wọ́n jó òmíràn mọ́ ọn. Lára táǹkì àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè irú irin tó jẹ́. Páìpù àti fáàfù sábà máa ń jẹ́ irin dídà, iná wẹ́dà á jẹ́ kó sán. Ibi tí wọ́n ti fi rífẹ́ẹ̀tì dè, bóòtù ni kí ẹ fi rọ́pò èyí tó já. Ẹ jẹ́ kí orí bóòtù náà hàn, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ èwo ni tiyín. Ẹ má fi irin tí kì í dípẹtà pààrọ̀ irin àtijọ́ láwọn ibi tó ń tutù: bí àwọn méjèèjì bá fara kanra nínú omi, èyí tí ẹ fẹ́ gbà là ni yóò máa jẹrà. Bóòtù tí wọ́n ti rì sínú síńkì gbígbóná ló dára. Lára irin tuntun kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi sí i, ẹ fi òǹtẹ̀ lu ọdún sí i. Irin tí ẹ yọ, ẹ kó o pamọ́ sí ilé pọ́ǹpù.

Kò pọn dandan kí gbogbo rẹ̀ tọ́. Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín lórí èyí. Páànù tó ti tẹ̀ síwájú láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e gun òkè, tí kò jò, tí kò sì ń bàjẹ́ síi, ẹ jẹ́ kó tẹ̀. Ọwọ́ àwọn tó gbé e ló wà lára rẹ̀.

Ọ̀dà, níkẹyìn

Ẹ kùn ún láàárín ìparí Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kejì. Lórí òkè wa, ìrì máa ń pẹ́ kó tó gbẹ, nítorí náà ẹ má fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì kí aago mẹ́wàá tó lù, kí ẹ sì dáwọ́ dúró ní aago mẹ́ta. Òfin tí àwọn oníṣẹ́ ọ̀dà ń lò ni pé kí irin gbóná ju ìwọ̀n tí ìrì ń sẹ̀ lọ ní dígíríì mẹ́ta, ó kéré tán. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi aṣọ tútù nu eruku, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó kùn ún. Irin tí ẹ bá họ láàárọ̀, ẹ fi ọ̀dà ìsàlẹ̀ tẹ́ ẹ kí ilẹ̀ tó ṣú, torí pé ìrì òru kan tó láti mú ìpẹtà padà.

Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tẹ́ orí rífẹ́ẹ̀tì, etí irin, àti àárín ìsopọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kun ojú gbooro. Ẹpọ́kísì, ọ̀dà tí wọ́n ń po nǹkan méjì pọ̀ láti ṣe, ló ń dára fún ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè bó ọ̀dà àtijọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ dán an wò lórí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan. Oòrùn máa ń sọ ẹpọ́kísì di ẹfun, nítorí náà ọ̀dà polyurethane ni kó wà lókè. Ní ti àwọ̀, ẹ fi sáńdípépà rírọ̀ tó tutù pa ojú ibì kan títí àwọn àwọ̀ á fi jáde ní òrùka òrùka. Èyí tó tẹ̀lé òjé pupa ni àwọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òun. Ilé-iṣẹ́ fóònù kan lè fún yín ní ọ̀dà ọ̀fẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti wọn, olóṣèlú kan náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sọ fún wọn pé owó àkàbà àti sìkáfóòdù lẹ nílò.

Ní Oṣù Kọkànlá ọdọọdún, nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, kí ẹni méjì lọ wo ìdí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n kó ewé inú áńgù, kí wọ́n fi wáyà gún gbogbo ihò tí omi ń bá jáde. Ohun tí wọ́n bá rí, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kan náà tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ìwé náà wà lọ́dọ̀ olùkọ́ àgbà ilé-ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ ibẹ̀, kì í ṣe lọ́dọ̀ alága ẹgbẹ́, torí pé ẹ ó pààrọ̀ alága. Wáyà náà, ẹ so ó mọ́ ilẹ̀kùn ilé pọ́ǹpù. Tí ẹ bá ní kí ẹnìkan máa mú un bọ̀ láti ilé, kò ní mú un bọ̀.